Ìrìnàjò ọjọ́ kan láti Òṣòdì sí Òkè Olúmọ

Ìrìnàjò ọjọ́ kan láti Òṣòdì sí Òkè Olúmọ jẹ́ ìrìnàjò àlọ-àbọ̀ tí ènìyàn máa ń fúnra rẹ̀ ṣe, láìsí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣètò rẹ̀, láti ibùdókọ̀ Òṣòdì ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó, lọ sí Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bọ́ọ̀sì akérò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lọ. Ọ̀nà náà kò tó kìlómítà 100 ní àlọ, síbẹ̀ ojú ọ̀nà ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà. Wákàtí méjì ti tó fún ẹni tí ara rẹ̀ le láti gun òkè náà, kí ó wò ó yípo, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, aago tí ènìyàn kúrò ní Òṣòdì ni ó sábà máa ń pinnu bóyá yóò padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Orúkọ òkè náà

Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá ń pè é láìfi ohunkóhun kún un. Àwọn mìíràn ń pè é ní Òkè Olúmọ tàbí Àpáta Olúmọ. Kò sí àríyànjiyàn nínú èyí, nítorí òkè ni Yorùbá ń pe ilẹ̀ tàbí òkúta yòówù tí ó bá yọrí ju àyíká rẹ̀ lọ. Ibi tí ó ga jù lórí rẹ̀ jẹ́ mítà 137 sí ìtẹ́jú òkun.

Ìtumọ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀ fún orúkọ náà. Èkíní ni pé Olúwa ni ó mọ ọ́n, bí a ti ń mọ ilé tàbí tí a ń mọ ìkòkò. Èkejì ni pé ibẹ̀ ni Olúwa ti ní kí ìyà àti ìrìn kiri àwọn Ẹ̀gbá mọ, ìyẹn ni pé kí ó dópin. Ohùn àárín ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní nínú ìtumọ̀ méjèèjì, ó sì bá bí àwọn ọmọ ìlú ṣe ń pe orúkọ náà mu. Bí ẹnikẹ́ni bá túmọ̀ rẹ̀ sí pé Olúwa mọ̀, ohùn kò gbè é, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ ni mọ̀ tí ó jẹ́ ti ìmọ̀. Láti ara òkè yìí kan náà ni orúkọ ìlú ti wá: abẹ́ òkúta ni wọ́n tẹ̀dó sí.

Òṣòdì gẹ́gẹ́ bí ibi ìgbéra

Orúkọ Òṣòdì tan mọ́ Landuji Òṣòdì Tápà, ọmọ Núpé tí ó di olóyè àti olórí ogun Ọba Kòsọ́kọ́ ní Èkó, tí ó sì kú ní ọdún 1868. Ohun tí ó sọ àdúgbò náà di ibi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá ni pé ọ̀nà mọ́tò Agége, òpópónà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì àti ojú irin pàdé níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjà ni ó bo ojú ọ̀nà àti ojú irin mọ́lẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ kì í lè kọjá bí kò ṣe ní ẹsẹ̀-ń-tẹ̀lé-ẹsẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá kó àwọn ìsọ̀ náà kúrò. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ibùdókọ̀ ńlá alápá mẹ́ta tí ìjọba Gómìnà Akínwùnmí Àm̀bọ̀dé kọ́ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn apá náà wà fún ọkọ̀ tí ń lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn yòókù wà fún ìrìn inú Èkó.

Ẹni tí ń bọ̀ láti Ìsọlọ̀ tàbí Òkòtà máa ń wọ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìsọlọ̀ lórí òpópónà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì. Ti Máfolúkù àti Ṣógúnlé súnmọ́ ọn débi pé ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá ti tó. Ọ̀kadà kò sí nínú ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé fún apá yìí, nítorí láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti fòfin dè é.

Ọkọ̀ tí ń lọ sí Abẹ́òkúta kì í tẹ̀lé aago. Nígbà tí ó bá kún ni ó ń gbéra. Ní Jàpáànù, bí àpẹẹrẹ, àwọn bọ́ọ̀sì tí ń kúrò ní Shinjuku nínú ìlú Tokyo lọ sí Òkè Fuji, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3,776, ní aago tí a kọ sílẹ̀, èrò sì lè ra ìjókòó rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Ní Òṣòdì, èrò ni aago. Bọ́ọ̀sì elérò 14 tàbí 18 lè kún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí ó sì lo wákàtí kan lójú kan ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Igbe agbèrò pé ó ku ẹnì kan péré kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ku ẹnì kan. Ní àwọn gáréèjì kan, díẹ̀ nínú àwọn tí ó ti jókòó sínú ọkọ̀ kì í ṣe èrò rárá. Wọ́n jókòó kí ọkọ̀ lè dà bí èyí tí ó ti fẹ́ kún ni, wọn yóò sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ bí èrò gidi bá ti ń dé. Ẹni tí ó mọ èyí yóò kọ́kọ́ wo ẹrù: arìnrìn-àjò sábà máa ń ní àpò lọ́wọ́.

Owó ọkọ̀ máa ń yí padà pẹ̀lú iye owó epo, ó sì máa ń lé sí i ní àsìkò ọdún Iléyá, ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, Kérésìmesì àti Àjíǹde. Kí èrò béèrè iye rẹ̀ kí ó tó jókòó, kí ó sì mú ṣéńjì dání, ni àṣà ibẹ̀. Ní gáréèjì tí ó létò, wọ́n ń kọ orúkọ èrò àti nọ́ńbà ẹbí rẹ̀ kan sínú ìwé kí ọkọ̀ tó jáde. Ìwé yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ, nítorí òun ni ó máa ń sọ ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ bí jàm̀bá bá ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń gbé èrò lẹ́bàá ọ̀nà kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni àwọn olè tí ń díbọ́n bí awakọ̀ àti èrò, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní wọ́n-ṣáǹsì, ti máa ń rí ènìyàn mú, pàápàá ní ìdájí àti lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ojú ọ̀nà

Ọ̀nà méjì ni ó wà. Èyí tí ó kúrú ni òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta. Láti Òṣòdì ó gba Ìkẹjà kọjá, ó dé Ìyànà-Ìpájà, Abúlé Ẹ̀gbá àti Alágbàdo, ó sì wọ Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Sángo-Ọ̀tà. Láti ibẹ̀ ó kan Ìfọ̀, Papalantó, Ewékorò, Ìtòrí àti Ọbàdá-Òkò kí ó tó dé Lafẹ́nwá, níbi tí a ti ń sọdá odò Ògùn sínú ìlú Abẹ́òkúta. Apá tí ó nira jù ni láti Abúlé Ẹ̀gbá dé Sángo. Èrò pọ̀ níbẹ̀, ọjà wà létí ọ̀nà, ọ̀dà ojú títì sì ti ń bàjẹ́ tí wọ́n ń tún un ṣe, tí ó tún ń bàjẹ́, láti ọdún pípẹ́. Ọkọ̀ lè lo wákàtí kan àti ààbọ̀ kí ó tó bọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ibẹ̀, kí ó sì wá sáré gba ìyókù ọ̀nà náà láàárín wákàtí kan.

Nítorí èyí, àwọn awakọ̀ mìíràn ń gba ọ̀nà kejì: òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn dé oríta Ṣágámù, kí wọ́n tó yà sí ọ̀nà Ṣágámù sí Abẹ́òkúta. Ó jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lè yá jù ú lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni kò dára fún un, nítorí ìsìn òru tí ìjọ Redeemed Christian Church of God máa ń ṣe ní àgọ́ wọn tí ó wà létí ọ̀nà náà máa ń mú kí ọkọ̀ pọ̀ kọjá àlà ní ìrọ̀lẹ́. Èrò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ọ̀nà tí awakọ̀ fẹ́ gbà kí ó tó san owó, nítorí ẹni tí ó bá ní ojúmọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ kò lè fi wákàtí kan ṣòfò lásán.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ọ̀tà tí ó sì wo ìta yóò rí ohun kan tí kò sí ní Èkó. Yanrìn, amọ̀ àti irà ni ilẹ̀ Èkó. Kò sí àpáta kan tí ó yọ orí jáde níbẹ̀. Ní Ewékorò, ọkọ̀ dé orí ilẹ̀ òkúta ẹfun tí ó kó jọ sábẹ́ òkun àtijọ́ ní nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òkúta yìí ni wọ́n ń wà fún sìmẹ́ńtì ní ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1960, eruku rẹ̀ sì máa ń funfun lára ewé igi ẹ̀bá ọ̀nà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn Ewékorò, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, òkúta líle dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín oko àti ilé. Òkúta àtayébáyé yìí ni ó wà lábẹ́ púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yorùbá títí dé Ìdànrè; Olúmọ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ó ti yọ sókè.

Ìdí tí òkè náà fi lókìkí

Ní àwọn ọdún 1820, ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká nínú igbó wọn. Àwọn tí ó ṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ogun mìíràn gbé ní Ìbàdàn títí àlàáfíà fi bàjẹ́ láàárín wọn. Ní ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn sọdá sí ẹ̀bá odò Ògùn, wọ́n sì tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ. Àwọn ọdẹ àti àwọn àgbẹ̀ ará Ìtokò ti ń lo ibẹ̀ ṣáájú wọn. Àwọn ará Òwu darapọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìlú náà sì di ti apá mẹ́rin: Ẹ̀gbá Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá àti Òwu.

Àǹfààní méjì ni òkè náà ṣe fún wọn. Ihò inú rẹ̀ ni wọ́n ń sá sí, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣọ́ ọ̀tá láti òkèèrè. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì, tí àwọn obìnrin jagunjagun pọ̀ nínú wọn, kọlu ìlú náà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851. Wọ́n tún padà wá ní ọdún 1864. Ìgbà méjèèjì ni àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Láti ìgbà ìtẹ̀dó ni wọ́n ti ń bọ Olúmọ, ìbọ náà kò sì tíì dópin.

Ó yẹ kí ẹni tí ó ń ráhùn nípa wákàtí mẹ́ta nínú bọ́ọ̀sì mọ bí ọ̀nà yìí ti rí tẹ́lẹ̀. Àlùfáà Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther àti Henry Townsend gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845 pẹ̀lú èrò láti lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun sì dí ọ̀nà; oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tó dé ibẹ̀. Ọ̀nà ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1896, tí ó gba Òṣòdì àti Abẹ́òkúta kọjá tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ni ó kọ́kọ́ mú kí ó ṣeé ṣe láti kúrò ní Èkó ní òwúrọ̀ kí a sì rí Olúmọ ní ọjọ́ kan náà.

Gígun òkè

Láti Lafẹ́nwá tàbí gáréèjì Kútò, táksí, kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí ọ̀kadà ń gbé àlejò dé ẹnu ọ̀nà Olúmọ. Òkè náà wà ní àárín ìlú àtijọ́, kò jìnnà sí ọjà Ìtòkú. Wọ́n sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ ní ọdún 1976. Ní ọdún 2006 wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé oúnjẹ àti ẹ̀rọ agbéniròkè kún un. Àlejò ń san owó ìwọlé, wọ́n sì ń fún un ní atọ́nà tí yóò sọ ìtàn ibẹ̀ fún un.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà dé òkè: àtẹ̀gùn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ́, ẹ̀rọ agbéniròkè bí iná bá wà tí ó sì ń ṣiṣẹ́, àti ọ̀nà àtijọ́ tí ó gba àárín àwọn òkúta. Ọ̀nà àtijọ́ ni ó yẹ kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le gbà ní gígùn, nítorí òun ni àwọn tí ogun ń lé gbà. Ó há débi pé ẹnì kan ni ó lè kọjá lẹ́ẹ̀kan, ní ibòmíràn ènìyàn sì ní láti tẹ̀ ba. Nínú ihò ńlá náà, àwọn kòtò tí ó wà lójú òkúta ṣì hàn kedere, níbi tí àwọn ìyá ti ń lọ ohun jíjẹ ní ìgbà ogun. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan inú wọn yóò mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n ti dán tó.

Ojúbọ Olúmọ wà lára òkúta náà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn. Àwọn àwòrò nìkan ni ó ń wọ inú rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tí ń tọ́jú ojúbọ òrìṣà mìíràn lórí òkè náà ń gbé níbẹ̀ ni, wọn kì í ṣe ara ohun tí a tò sílẹ̀ fún àlejò. A ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí wọn, a sì ń tọrọ ààyè kí a tó ya àwòrán wọn. Òwò àti ìsìn ti jọ ń gbé lórí òkúta kan náà láti ọdún 1976, ọ̀pọ̀ àlejò kò sì mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Atọ́nà ni ó yẹ kí ó sọ ọ́ fún wọn.

Láti orí òkè, òrùlé páánù tí ó ti pọ́n ni ó kún ojú, odò Ògùn sì ń wọ́ gba àárín wọn kọjá. A tún ń rí ilé ìjọsìn Peteru Mímọ́ ní Aké, tí ìjọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Crowther àti Townsend dé ní ọdún 1846. Ní ìgbà ọyẹ́, kùrukùru lè bo gbogbo èyí. Ní ìgbà òjò, ojú òkúta máa ń yọ̀; bàtà tí ó ní ìmú lábẹ́ ni ó yẹ, kì í ṣe sálúbàtà. Àsìkò ọdún Líṣàbí, tí àwọn Ẹ̀gbá fi ń rántí akọni tí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, máa ń mú kí ìlú kún, ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ sùn mọ́jú, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ẹni tí ó fẹ́ padà ní ọjọ́ kan náà.

Bí àyè bá wà, ọjà Ìtòkú ni ibi kejì tí àlejò máa ń yà sí. Àdìrẹ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, èyí tí a fi ẹ̀kọ sí lára kí a tó ki í bọ aró àti èyí tí a fi òwú dì. Láfún àti ewédú ni oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ mọ́ àwọn Ẹ̀gbá.

Ìpadàbọ̀

Ẹni tí ó bá gbéra ní Òṣòdì ní aago 6 òwúrọ̀ lè wà lórí Olúmọ kí oòrùn tó le, kí ó sì ti jẹun kí aago 2 tó lù. Ẹni tí ó bá gbéra ní aago 10 lè máà dé ẹnu ọ̀nà òkè náà ṣáájú aago 1 tàbí 2 ọ̀sán, àbọ̀ rẹ̀ yóò sì bọ́ sí àárín àwọn tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Aago 3 ọ̀sán jẹ́ òpin tí ó bọ́gbọ́n mu láti kúrò ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn rẹ̀, èrò tí ń lọ sí Òṣòdì tààrà máa ń dínkù, ọkọ̀ sì máa ń pẹ́ kí ó tó kún. Ẹni tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú mọ́ lè wọ ọkọ̀ Sángo tàbí ti Ìyànà-Ìpájà, kí ó sì wá òmíràn láti ibẹ̀. Láti Abúlé Ẹ̀gbá, bọ́ọ̀sì BRT ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ dé Òṣòdì, èyí tí ó máa ń gba ènìyàn lọ́wọ́ apá kan nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ náà. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí arìnrìn-àjò ti fi owó sí i kí ó tó kúrò ní Èkó ní òwúrọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin

Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ìgbàlódé ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, tí ó sì ń dúró ní ibùdó Wọlé Ṣóyínká ní Ládèrin, Abẹ́òkúta. Kì í dúró ní Òṣòdì. Agége ni ó súnmọ́ ibẹ̀ jù. Ẹni tí ń gbé ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, láti Òṣòdì lọ sí Agége, kí ó sì pààrọ̀ níbẹ̀. Ó ní aago tí ó ń tẹ̀lé, kò sì mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Sángo. Ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ lójúmọ́ kò pọ̀, Ládèrin sì wà lẹ́yìn ìlú, tí a ó tún wọ ọkọ̀ mìíràn láti ibẹ̀ dé Olúmọ. Àwọn kan ń fi bọ́ọ̀sì lọ ní òwúrọ̀ kí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú irin padà, bí aago rẹ̀ bá bá tiwọn mu.